Omi Nìkan Kọ́ Ní Ń Pa Iná

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Agẹmọ ọdún tó kọjá, mo ṣe àbúrò mi léṣe láìfọwọ́ kàn án. Òjò ni mo fi ṣe é léṣe, òjò ọ̀hún kò sì rọ̀ níbì kankan ju inú ìtàn tí mo ń fẹnu sọ lọ. Ó dìde nídìí tábìlì, ó kó bébà rẹ̀ pọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ lọ sùn," ó sì wọ yàrá lọ. Agogo mẹ́jọ kò tíì lù. Ọmọ ọdún 16 kì í lọ sùn kí agogo mẹ́jọ tó lù, pàápàá ní alẹ́ tí iná mànàmáná wà.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti gbọ́ àlọ́ rí lábẹ́ òṣùpá, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹnì kan ni ó ń pìtàn, àwọn yòókù jókòó yí tábìlì ká. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó jókòó kì í ṣe agberin lásán: ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, òun ni ó sì ń pinnu ohun tí ẹ̀dá náà yóò ṣe. Apàlọ́ lè ní, "Ìjàpá dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ẹ̀ṣọ́ méjì dúró níbẹ̀." Ẹni tó ni Ìjàpá yóò dáhùn pé òun fẹ́ gba orí ògiri wọlé. Nígbà náà ni wọn yóò da dáìsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gun ògiri já tàbí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n gbé Dungeons & Dragons jáde lọ́dún 1974, láti ìgbà náà ni irú eré yìí sì ti tàn káàkiri. Ní 1981 ni Champions dé, tí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ jẹ́ akọni alágbára àràmàǹdà, irú Superman. Èyí tí àwa ń ṣe nílé ni Mutants & Masterminds, tí Steve Kenson ṣe ní 2002. Gbogbo wọn ni èmi ń pè ní eré àjọpìtàn, ẹni tó ń pa ìtàn náà sì ni adarí eré.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ni ó mú ìwé eré náà àti dáìsì olójú 20 bọ̀ wá sí Ìbàdàn fún mi. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí mo sì ń fi ìwé kíkọ jẹun láti inú ilé, ni wọ́n fi ṣe adarí, nítorí pé wọ́n ní èmi ni mo lẹ́nu jù. Àwọn òṣèré mi kò ju mẹ́ta lọ: àbúrò mi ọkùnrin, ọmọbìnrin àbúrò bàbá wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, àti ọmọkùnrin aládùúgbò wa kan. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan akọni tí agbára rẹ̀ ti inú ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ ayé wá: ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ tàbí iná. Ọmọbìnrin náà yan afẹ́fẹ́, ó sọ akọni rẹ̀ ní Ìjì. Ọmọ aládùúgbò yan ilẹ̀ àti òkúta, ó sọ tirẹ̀ ní Olúmọ nítorí pé Abẹ́òkúta ni ìyá rẹ̀ ti wá. Àbúrò mi ti yan iná kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó sọ akọni rẹ̀ ní Ọwọ́iná. Kò sí ẹni tó yan omi.

Ó wá ku iṣẹ́ kan ṣoṣo fún mi: kí n wá àléébù fún wọn.

Kí ló dé tí akọni fi gbọ́dọ̀ ní àléébù? Ẹni tí nǹkan kan kò lè mú kò ní ìtàn; oríkì nìkan ni ó ní. Superman tí ìbọn kò ràn gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí: òkúta kryptonite tí ń gba agbára lára rẹ̀ yọjú nínú eré orí rédíò rẹ̀ ní 1943, ó sì wọ inú ìwé ìtàn aláwòrán ní 1949. Champions ní tirẹ̀ sọ àléébù di ọjà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1981, akọni ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 máàkì. Bí òṣèré bá fẹ́ agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gba àléébù sọ́rùn, òfin eré yóò sì san máàkì fún un. Bí àléébù bá ṣe wúwo tó, tí ó sì ṣe ń yọjú lemọ́lemọ́ tó, ni iye tí a ń san lórí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Wọ́n tún fi ọgbọ́n pín àléébù sí oríṣiríṣi. Ohun kan wà tó ń dun gbogbo ènìyàn ṣùgbọ́n tó ń dun akọni náà ní ìlọ́po méjì. Òmíràn wà tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tó sì ń pa òun nìkan lára. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé inú ọkàn ni ó ń gbé: ìbẹ̀rù, ìlérí, ẹni tí a fẹ́ràn tí a kò lè fi sílẹ̀.

Ní ti akọni ìpìlẹ̀ ayé, ìdẹkùn kan wà lójú ọ̀nà, èmi sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì kó sínú rẹ̀. Ìdẹkùn náà ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí a tó béèrè. Ta ni kò mọ̀ pé omi ní ń pa iná? Inú àwọn ìwé eré àti ìwé ìtàn kún fún un. Nínú ìwé àwọn ẹ̀dá abàmì Dungeons & Dragons ti 2014, omi gálọ́ọ̀nù kan tí a bá dà lé ẹ̀dá iná ń yọ máàkì kan nínú ẹ̀mí rẹ̀, òtútù ń mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀dá omi wúwo, ariwo àrá sì ń ṣe ẹ̀dá ilẹ̀ léṣe ju bó ti yẹ lọ. Johnny Storm, ọ̀dọ́mọkùnrin oníná inú Fantastic Four tó jáde ní 1961, kò lè jó níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, omi sì ń pa á bí ó ṣe ń pa àdògán. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò, mo kọ ọ́ sórí bébà Ọwọ́iná pé: bí omi tàbí òtútù bá kàn án, iná rẹ̀ yóò kú, ara rẹ̀ yóò rọ, kò sì ní lè ṣe ohunkóhun títí yóò fi da 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkókò tí ó gbà mí kò tó èyí tí ẹ̀kọ fi ń jinná.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ọ̀tá wọn ti gba Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ́lé. Àwọn akọni mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun òkè lọ. Mo rò ó pé kí ìjà náà lè dùn, ó yẹ kí òjò rọ̀. Mo ní, "Ojú ọ̀run ṣú. Òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́iná, omi ti bà ọ́." Àbúrò mi ṣubú lulẹ̀ nínú ìtàn. Ó da dáìsì, 7 ni ó rí. A lọ sọ́dọ̀ Ìjì, a lọ sọ́dọ̀ Olúmọ, a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rí 4. A tún yí i ká. Ó rí 11. Ojú mẹ́ta péré nínú ojú 20 ni ó lè gbà á, wọn kò sì yọ sí i. Wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí àwọn yòókù ń jà, tí wọ́n ń pariwo, tí òun sì jókòó tí ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Olúmọ, ọmọ dáadáa, wí fún un pé, "Má ṣe ìyọnu, ìwọ ṣáà sinmi, a ó ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé e dìde.

Mo dúró díẹ̀, mo wá tẹ̀lé e wọ yàrá. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ṣé eré ni o ń bínú sí?" Kò dá mi lóhùn kíá. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù ni ẹ fi mú un. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé."

Ẹ gbọ́ ohun tí ó yẹ kí n ti rò. Àrùn fòníkúfọ̀ladìde ni àbúrò mi ń bá fínra láti kékeré. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nílé wa, òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lásán. Òun ni ó jẹ́ kí a máa sé omi ìwẹ̀ kaná ní oṣù gbogbo, òun ni ó jẹ́ kí súwẹ́tà wà nínú báàgì rẹ̀ bí òòrùn tilẹ̀ ń ran ojú. Bí òjò bá pa á, bí kò bá mu omi tó, bí ó bá ṣe wàhálà jù, ìrora lè bẹ̀rẹ̀ láàárín eegun rẹ̀, kí ó sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ wo odò nígbà kan, wọ́n sì ní kí òun dúró sí kíláàsì. Kò sí ẹni tó bi í. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ fún un pé kí ó ṣáà sinmi, àwọn yóò ṣe é.

Ó ní, "Mo yan iná nítorí pé iná kì í mọ òtútù." Ó dákẹ́, ó sì tún ní, "Kì í ṣe pé ó ṣubú ni ó dùn mí. Pé kò sí ohun tí mo lè ṣe ni. Ẹ ń bá eré yín lọ."

Ojú tì mí dé ibi tí n kò lè ṣàlàyé. Èmi tí mo ti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí mo ti ka iye omi tó ń kán sínú iṣan rẹ̀, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ àìsàn rẹ̀ sínú eré tí ó fẹ́ fi sinmi lọ́wọ́ àìsàn. Mo ní, "Máa bínú. Lọ́la ni n ó yọ àléébù yẹn kúrò. Kò ní sí ohun tí yóò lè mú Ọwọ́iná mọ́." Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ.

"Bí ẹ bá yọ ọ́, kí ni n ó wá máa ṣe níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Kò fẹ́ kí n fi òtútù mú akọni òun, kò sì fẹ́ kí n fi akọni òun sílẹ̀ láìní àléébù. Kí ni ó wá fẹ́?

Láàárín òru, ọkàn mi lọ sí ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì. Yorùbá ti ń sọ ìtàn àwọn alágbára iná, omi àti ìjì tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé alàwòrán, kò sì sí òrìṣà tí kò ní èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú èèwọ̀ tí wọ́n ní. Ọya tó ni ìjì kì í jẹ àgbò. Èṣù kò gbọdọ̀ rí àdí sójú. Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdìkejì agbára rẹ̀. Inú ìtàn ìgbésí ayé wọn ni èèwọ̀ wọ́n ti jáde. Ẹ rántí ti Ọbàtálá: wọ́n ní nígbà tí ó ń bọ̀ wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu yó, ó sùn lọ, Odùduwà sì gbé àpò ìwà. Wọ́n tún ní nínú ọtí ni ó ti mọ àwọn tí ara wọn kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní ẹni òrìṣà ni à ń pè wọ́n, tí òun sì ni aláàbò wọn. Kò sí ẹni tó de Ọbàtálá mọ́lẹ̀ pé kó má mu ẹmu. Akèrègbè wà níwájú rẹ̀, ó rántí, ó sì yàn láti má gbé e. Bí ó bá gbé e, òun mọ ohun tí yóò ná òun. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn nínú ìwé alàwòrán rí ohun kan náà. Ẹ wo Storm, obìnrin tó ń pàṣẹ fún ìjì nínú X-Men, tí Len Wein àti Dave Cockrum dá ní 1975. Òǹkọ̀wé tí kò fẹ́ rò jìnnà ìbá wá nǹkan tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró fún un. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Storm wà ní kékeré ní Cairo, ilé wó lé òun àti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú, òun sì há sábẹ́ àlàpà pẹ̀lú òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tó há kò ṣeé gbé fún un. Obìnrin tí gbogbo sánmà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù yàrá kékeré! Àléébù yìí bá ìjì mu, nítorí pé ìjì ń fẹ́ àyè. Ṣùgbọ́n ikú ìyá rẹ̀ ni ó bí i. Nígbà tí Storm bá dúró lẹ́nu ihò tóóró kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ há sínú rẹ̀, ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rù, tàbí kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Ọwọ́iná tèmi, kí ni mo fi sí i lọ́wọ́? Dáìsì, àti ìrètí 18.

Níbẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi gan-an. N kò fún akọni ní àléébù. Mo yọ òṣèré kúrò nídìí tábìlì ni. Àléébù tó dára ń fi ọ̀nà méjì síwájú ẹni, kí ó yan èyí tó wù ú, kí ó sì ru ẹrù rẹ̀. Èyí tí kò dára ń sọ pé kí o jókòó, kí o máa wo àwọn ẹlòmíràn. Òfin Mutants & Masterminds tilẹ̀ ti tọ́ka sí èyí, n kò kàn ka á dáadáa ni. Nínú eré náà, a kì í sanwó àléébù sílẹ̀ bí ti Champions. Ìgbà tí àléébù bá mú akọni ní tòótọ́ ni adarí yóò fún òṣèré ní máàkì akọni kan. Tó bá yá, òṣèré náà lè fi máàkì yẹn tún dáìsì dà: bí èyí tó rí bá wà láàárín 1 sí 10, a ó fi 10 kún un, kò sì ní kéré sí 11. Ìyà tí o jẹ lónìí ni yóò gbà ọ́ lọ́la. Ọwọ́iná jẹ ìyà fún wákàtí kan, n kò fún un ní máàkì kankan.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, n kò mú bírò. Mo bẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n forí jì mí, mo sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá àléébù akọni rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo bi wọ́n: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí akọni rẹ tó fi rí bẹ́ẹ̀? Nígbà tó bá mú un, kí ni ó ṣì lè yàn láti ṣe? Ta ni nínú àwa yòókù tó lè ràn án lọ́wọ́? Àwọn àgbà ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Mo fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ yan tiwọn.

Ìjì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ kì í pa àṣírí mọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Nítorí náà akọni òun kò lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, atẹ́gùn yóò gbé e lọ sétí ẹni tó wà nítòsí, ọ̀tá ni o, ọ̀rẹ́ ni o. Bí ó bá fẹ́ pa ọ̀rọ̀ mọ́, àfi kí ó dákẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ́ láti ka ojú rẹ̀. Ọmọ yìí kì í dákẹ́ nílé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Olúmọ ní tirẹ̀ sọ pé agbára òun wà níwọ̀n ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ òun bá kan ilẹ̀ ni. Bí ó bá ti gun àjà kejì, àjà kẹta, ọmọ ènìyàn lásán ni. Mo ní, "Ilé Kòkó tí ẹ wà yìí ńkọ́?" Ó di orí mú. Kò tíì rò ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti yí i padà. Ó ní kí Ìjì máa bu ilẹ̀ gòkè fún òun.

Ó wá kan àbúrò mi. Ó ti kọ tirẹ̀ sórí ìwé, ó sì kà á láìgbójú sókè.

"Iná kì í jó lásán, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ. Agbára ara Ọwọ́iná ni iná rẹ̀ ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lóde kò lè mọ ìgbà tó ń tán, nítorí pé bí ó bá kù díẹ̀ ni ó máa ń mọ́lẹ̀ jù. Òun nìkan ni ó mọ̀. Bí ó bá sọ fún àwọn tó kù lásìkò pé ẹyín ti ń kú, wọ́n lè fún un nínú agbára tiwọn. Bí kò bá sọ, yóò lè jà fún ìgbà díẹ̀ sí i, yóò sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni yóò ṣubú, kò sì ní dìde ní ọjọ́ yẹn."

Mo bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i tí kì í fẹ́ sọ?"

Ó ní, "Bí ó bá ti sọ ọ́, wọn á ní kó lọ jókòó."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nílé wa, gbogbo wa mọ̀ pé àbúrò mi kì í tètè sọ nígbà tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀. Yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò máa ṣe àwàdà, títí yóò fi di ohun tí a ń sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Dókítà ti bá a wí, Màmá ti sunkún bá a. Kò sí ẹni tó bi í rí pé kí ló dé. Èmi náà kò bi í. Akọni inú eré ni mo ń bi.

Olúmọ ni ó kọ́kọ́ fèsì, ọmọ tó ní kó sinmi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Èmi kò ní sọ pé kó lọ jókòó. N ó fún un ní máàkì méjì nínú tèmi, kó máa jà lọ." Ìjì ní òun náà á fún un. A kọ ọ́ sínú òfin ilé wa bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá sọ ní àsìkò yóò gba máàkì akọni kan lọ́wọ́ mi, yóò sì dúró nídìí eré. Ó béèrè pé kí n fi omi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lọ́nà tirẹ̀: bí òjò bá pa Ọwọ́iná, iná rẹ̀ yóò rẹlẹ̀, oru yóò sì bo gbogbo ibẹ̀, tí ọ̀tá kò fi ní rí ẹnikẹ́ni. Ó pàdánù ohun kan, ó rí òmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gba Ilé Kòkó padà, nínú oru. N kò mọ̀ pé òjò tí mo fi bá a jà lọ́sẹ̀ tó kọjá lè wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ aláìsàn kò ní torí eré rí ìwòsàn, ẹ má ṣe gbọ́ mi gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ SS. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá mi ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́. Àbúrò mi ni, ó dúró gbangba lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tíì sunkún, kò tíì tẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyín ti ń kú." N kò béèrè ìbéèrè kejì. A fún un ní omi mu, a fi aṣọ tó nípọn bò ó, ó lo oògùn tí dókítà ti kọ fún un, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ọjọ́ méjì ni ó lò níbẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ní sọ pé ohun báyìí ni ó fa ìyàtọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó sọ, àti pé nígbà tí ó sọ ọ́, kò sí ẹni tó ní kí ó lọ jókòó. Òun ni ó sọ fún nọ́ọ̀sì ibi tó ń dùn ún àti bó ṣe ń dùn ún, àwa dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ka èyí, bóyá ẹ kò ní da dáìsì olójú 20 láéláé. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà nílé yín tí gbogbo yín ti mọ ohun tí kò lè ṣe, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe nígbà tí ohun náà bá dé. Bí ó bá ṣòro láti bi òun, ẹ bi akọni rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ohun tó fẹ́ pa Ọwọ́iná kò sí nínú òjò, inú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ó wà. Àbúrò mi ti ka àkọsílẹ̀ yìí kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó gbà kí ẹ kà á, àfi pé ó ní kí n sọ fún yín pé 12 ni òun rí lórí dáìsì ẹ̀ẹ̀kẹta, kì í ṣe 11.

Ó ku omi tí ẹnikẹ́ni kò yàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí a ti ilé ìwòsàn dé, Màmá tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá láìwò wá fa àga kan, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ta ni ó ń ṣe omi?" A ní kò sí. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní bébà. Mo sọ fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ ní àléébù, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ibí yìí ni wàhálà wà, nítorí pé àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Màmá kò rò ó tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní, "Inú ohun tí ẹ bá bu omi sí ni ó ń gbà. Ẹni tó bá bẹ̀ mí, n kò lè sọ pé rárá."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ká ọ̀tá ńlá náà mọ́ etí odò Ògùnpa, tí agbára rẹ̀ ti tán, mo mú kí ó kúnlẹ̀ síwájú akọni Màmá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi díẹ̀ mu." Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pariwo pé, "Ẹ má fún un o!" Màmá wo ọ̀tá náà títí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì bu omi fún un.